Fèrèsé Tí A Kò Pè Lójú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Wá Ohun Tí Ó Ń Ṣí I, Kí A sì Dá A Dúró

Ọ̀pọ̀ olùgbé ìpínlẹ̀ wa ni ó máa ń tan kọ̀ǹpútà ní òwúrọ̀, tí fèrèsé tí wọn kò pè yóò sì yọjú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó lè jẹ́ ojú-ewé tẹ́tẹ́. Ó lè jẹ́ fèrèsé dúdú tí ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan tí ó sì pòórá. Ó lè jẹ́ ìfitónilétí pé fáìlì kan ti sọnù, ó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ adẹ́rùbani tí nọ́ńbà tẹlifóònù wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní Agbowó, oníṣòwò tí ó ń tọ́jú ìwé owó rẹ̀ ní Dúgbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní Bódìjà, àti ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Challenge tàbí Ring Road, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí lè kàn.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń ka àlàyé yìí: kò sí fèrèsé tí ó ń ṣí láìsí ohun tí ó pè é. Bí a bá ń pa fèrèsé náà dé lójoojúmọ́ tí a kò wá àkọsílẹ̀ tí ó ń pè é, yóò tún padà wá ní ọ̀la. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa ni láti wá ibi tí ògiri ti lanu. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ lè ṣe é fúnra yín nínú ilé, láìsanwó fún ẹnikẹ́ni, àti láìpa ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà rẹ́.

Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows ni a kọ àlàyé yìí fún, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa. A fi orúkọ àwọn bọ́tìnnì àti ojú-ewé sílẹ̀ bí wọ́n ti hàn lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè rí wọn kíákíá.

ÌDÍ TÍ FÈRÈSÉ FI Ń ṢÍ FÚNRA RẸ̀

Nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, Windows máa ń ka àwọn àkọsílẹ̀ kan láti mọ àwọn ètò tí ó gbọ́dọ̀ jí pẹ̀lú rẹ̀. Ohun rere ni èyí. Bí ètò tí ó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kòkòrò ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn láìjẹ́ pé a pè é. Ṣùgbọ́n ètò èyíkéyìí tí a bá fi sórí kọ̀ǹpútà lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀. Àwọn tí ó ń ṣe kòkòrò kọ̀ǹpútà náà mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Kòkòrò tí a ń pè ní ILOVEYOU, tí ó jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines ní oṣù karùn-ún ọdún 2000 tí ó sì da kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé rú, kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó lè máa jí nígbàkúùgbà tí a bá tan ẹ̀rọ.

Ẹ MỌ IRÚ FÈRÈSÉ TÍ Ẹ RÍ

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, nítorí kì í ṣe gbogbo fèrèsé ni ó léwu.

1. Ètò tí ẹ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ Teams, Spotify tàbí ètò ìtẹ̀wé tí ẹ fúnra yín fi síbẹ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Ẹ kàn ní láti sọ fún un pé kí ó má ṣe jí fúnra rẹ̀ mọ́.

2. Ojú-ewé tí ẹ ń kà lánàá. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ lójijì tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì kú láìjẹ́ pé a pa á bí ó ti yẹ, Chrome lè béèrè nígbà tí iná bá dé bóyá kí ó dá àwọn ojú-ewé àtijọ́ padà. Àmì pé ẹ̀rọ kú lójijì ni èyí. Kì í ṣe àmì kòkòrò.

3. Ìfitónilétí pé fáìlì kan kò sí. Ó sábà máa ń ní RunDLL tàbí Windows Script Host lórí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ kan ṣì ń pe fáìlì tí kò sí mọ́. Ó lè jẹ́ pé ètò agbógunti kòkòrò ti pa fáìlì burúkú náà rẹ́ ṣùgbọ́n tí ó fi ìpè rẹ̀ sílẹ̀. A ti lé àlejò náà lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àwọn tí a ń pè.

4. Fèrèsé dúdú tí ó ń ṣẹ́jú. Ètò rere lè fa èyí. Ní ọdún 2017, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan nínú Office ti ilé iṣẹ́ Microsoft fúnra rẹ̀ ń ṣí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà lè fa á, nítorí náà ó yẹ kí a wádìí rẹ̀.

5. Ojú-ewé ìpolówó, tẹ́tẹ́ tàbí àwòrán ìhòòhò. Ó sábà máa ń wá láti inú ètò ọ̀fẹ́ tí a gbà láti orí ayélujára, tàbí láti ọ̀dọ̀ ìkànnì tí a ti gbà láyè láti máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí wa.

6. Ìkìlọ̀ tí ó ní nọ́ńbà tẹlifóònù. Ìwà jìbìtì ni èyí. A ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nísàlẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ fi fóònù yín ya àwòrán fèrèsé náà, kí ẹ lè rí orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀ kà. Bí ó bá jọ pé ó léwu, ẹ já kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe wọ ojú-ewé báńkì yín, ẹ má sì ṣe tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sórí ẹ̀rọ náà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé tí ẹ kò fẹ́ kí ó sọnù. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti ní àǹfààní láti yan Disable tàbí Delete, ẹ kọ́kọ́ yan Disable. Ohun tí a dá dúró, a lè tún un jí bí a bá ṣe àṣìṣe. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN LÁTI WÁ OHUN TÍ Ó Ń PÈ É

Ìgbésẹ̀ kìíní: Task Manager. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí Windows 10, bí fèrèsé kékeré bá yọ, ẹ tẹ More details. Ẹ lọ sí Startup, èyí tí ó ń jẹ́ Startup apps lórí Windows 11. Ẹ ó rí orúkọ àwọn ètò tí ó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì sórí ìlà tí ó kọ Name, kí ẹ sì yan Command line. Èyí yóò fi ibi tí ètò kọ̀ọ̀kan ń gbé hàn yín. Ètò tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, tí ó ń gbé nínú fódà Temp tàbí AppData, tí ó sì ń lo wscript.exe láti ṣí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vbs tàbí .js, yẹ kí ó mú ìfura dání. Ẹ yàn án, kí ẹ sì tẹ Disable. Bí ẹ bá rí ìlà tí ó kàn ń jẹ́ Program láìní àwòrán, ó sábà máa ń jẹ́ ìpè tí ètò tí a ti yọ kúrò fi sílẹ̀. Lórí Windows 7, inú msconfig ni ẹ ó ti rí Startup.

Ìgbésẹ̀ kejì: fódà Startup. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, kí ẹ kọ shell:startup, kí ẹ sì tẹ Enter. Gbogbo ohun tí ó bá wà nínú fódà yìí ni yóò máa ṣí nígbà tí ẹ bá wọlé. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú shell:common startup, èyí tí ó wà fún gbogbo ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà náà. Ẹ gbé ohun tí ẹ kò mọ̀ lọ sí fódà mìíràn kí ẹ fi dán an wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Chrome tàbí Edge. Bí ó bá jẹ́ ojú-ewé ayélujára ni ó ń ṣí, ẹ wo ibi mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni On startup nínú Settings ti Chrome, kí ẹ yọ àdírẹ́sì tí ẹ kò fi síbẹ̀. Èkejì ni Extensions, kí ẹ yọ àfikún tí ẹ kò mọ̀. Ẹ̀kẹta ni Notifications lábẹ́ Site settings, kí ẹ gba àyè kúrò lọ́wọ́ ìkànnì tí kò yẹ kí ó ní i. Ẹ̀kẹrin ni àmì Chrome tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà: ẹ tẹ bọ́tìnnì apá ọ̀tún máòsì sórí rẹ̀, ẹ yan Properties, kí ẹ sì wo ìlà Target. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì ìkànnì kan tí a so mọ́ ẹ̀yìn chrome.exe, ẹ pa á rẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Task Scheduler. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, kí ẹ kọ taskschd.msc. Nínú Task Scheduler Library, ẹ wo ìlà Triggers. Iṣẹ́ tí a kọ At log on sí níwájú ni ó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì wo Actions láti mọ ohun tí ó ń ṣí. Ibí yìí ni fèrèsé dúdú tí ń ṣẹ́jú máa ń fara pamọ́ sí jù. Bí ẹ kò bá dá ohun tí ẹ rí mọ̀, tí ó sì jẹ́ ti Microsoft, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wíwá kòkòrò. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Virus & threat protection, kí ẹ yan Scan options. Full scan yóò yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò. Bí fèrèsé náà bá ṣì ń padà wá, ẹ lo èyí tí a ń pè ní Offline scan. Ẹ̀rọ yóò kú, yóò sì tún ara rẹ̀ tàn láti wá kòkòrò kí kòkòrò náà tó jí. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí náà, ẹ rí i dájú pé bátìrì kún tàbí pé iná wà dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún un tàn. Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tí ó yanjú ọ̀ràn náà.

FÍLÁÀṢÌ TÍ A LÒ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ ÌTẸ̀WÉ

Ọ̀nà kan wà tí ìṣòro yìí fi ń wọ kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ lọ́tọ̀. Ní Agbowó, tí ó kọjú sí Yunifásítì Ìbàdàn, àti ní àyíká ilé ẹ̀kọ́ gíga gbogbo, ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ó ń ki fíláàṣì wọn bọ kọ̀ǹpútà kan náà lóòjọ́ láti tẹ ìwé. Bí kòkòrò bá wà lórí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, yóò wọ inú fíláàṣì kọ̀ọ̀kan. Yóò fi àwọn fáìlì tòótọ́ pamọ́, yóò sì fi àmì ọ̀nà àbùjá tí ó jọ wọ́n sí ipò wọn. Bí ẹ bá dé ilé tí ẹ tẹ àmì náà, ìwé yín yóò ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò náà yóò ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà lọ ni fèrèsé wscript yóò ti máa yọjú.

Ẹ kíyè sí i pé fíláàṣì kò ní agbára láti ṣí ètò fúnra rẹ̀ mọ́ lórí Windows 7 àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2011, Microsoft fi àtúnṣe kan náà ránṣẹ́ sí àwọn Windows àtijọ́, lẹ́yìn tí kòkòrò Conficker ti lo ọ̀nà yẹn láti tàn kálẹ̀ láti ọdún 2008. Ìdí nìyí tí àwọn oníjìbìtì fi ń dọ́gbọ́n kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín tẹ ẹ́.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ìwé yín kò sọnù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà tí wọ́n rí i pé fódà wọn ti di ọ̀nà àbùjá, ni ó gbà kí a fọ fíláàṣì náà mọ́ pẹ̀lú Format, tí iṣẹ́ àṣekágbá ọdún mẹ́rin sì bá a lọ. Ẹ má ṣe gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà tí ó mọ́, ẹ má tẹ àmì kankan nínú fíláàṣì náà, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ sì kọ ìlà yìí:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ẹ fi lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún fíláàṣì yín rọ́pò E. Àwọn fáìlì tí a fi pamọ́ yóò tún hàn, nígbà mìíràn nínú fódà kan tí kò ní orúkọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé, àwòrán àti fáìlì PDF yín nìkan sí ibòmíràn. Ẹ má ṣe mú ọ̀nà àbùjá kankan, tàbí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vbs, .js tàbí .exe. Ìgbà tí ẹ bá ti rí i pé ìwé yín ṣí dáadáa ní ibi tuntun ni ẹ tó lè fọ fíláàṣì náà mọ́.

ÌKÌLỌ̀ TÍ Ó NÍ NỌ́ŃBÀ TẸLIFÓÒNÙ

Ìkìlọ̀ yìí lè gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kí ó máa pariwo, kí ó sì sọ pé wọn yóò ti ẹ̀rọ yín pa bí ẹ kò bá pe nọ́ńbà kan. Ẹ má ṣe pè é. Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé ìkìlọ̀ tí ó bá wá láti ọ̀dọ̀ àwọn kì í ní nọ́ńbà tẹlifóònù nínú. Ojú-ewé lásán ni. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Esc mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ẹ ṣí Task Manager, kí ẹ yan Chrome tàbí Edge, kí ẹ sì tẹ End task. Bí ẹ bá tún un ṣí tí ó béèrè bóyá kí ó dá ojú-ewé padà, ẹ sọ pé rárá.

Bí ẹ bá ti pè wọ́n, tí ẹ sì ti fún wọn ní nọ́ńbà káàdì, PIN, BVN tàbí àyè láti wọ inú kọ̀ǹpútà yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ já ẹ̀rọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀ láti ti àkáǹtì náà, ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti orílẹ̀-èdè yìí, tí a ṣe ní ọdún 2015 tí a sì tún ṣe ní ọdún 2024, ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀daràn. Àwòrán tí ẹ yà ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò wúlò fún ẹ̀rí.

KỌ̀ǸPÚTÀ TÒKUNBỌ̀

Bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ó ṣeé ṣe kí ètò àwọn tí ó lò ó ṣáájú yín àti ti ẹni tí ó tà á ṣì máa jí nínú rẹ̀. Kí ẹ tó fi ìwé ara yín sórí rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ lọ sí Recovery nínú Settings, kí ẹ yan Reset this PC, lẹ́yìn náà Remove everything. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á bóyá Windows orí rẹ̀ ní ìwé àṣẹ, nítorí àwọn ètò tí a fi ń jí Windows lò láìsanwó wà lára ọ̀nà tí kòkòrò fi ń wọlé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, àyàfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò. Bí ẹ̀rọ yín bá lè gbé Windows 11, ó dára kí ẹ gbé e síbẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ GBÉ E LỌ FÚN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́

Nígbà mìíràn, ọ̀ràn náà yóò ju agbára wa lọ. Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ẹni tí ń tún un ṣe, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: kí ni ó ń pe fèrèsé náà, níbo ni ó ti rí i, àti ṣé ohun tí ó fẹ́ ṣe yóò pa ìwé yín rẹ́? Ẹni tí ó bá sọ pé Format nìkan ni ojútùú kí ó tó wo Startup, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé yín. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì tàbí ti ímeèlì yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí Windows máa gba àtúnṣe rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ má gba ètò láti ìkànnì tí ẹ kò mọ̀, ẹ má sì máa tẹ Next láìka ohun tí ó wà lójú. Bí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé dé, ẹ yẹ fíláàṣì yín wò kí ẹ tó ṣí ohunkóhun nínú rẹ̀. Fèrèsé tí ó bá yọjú láìpè kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ kí ó máa wà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ohun tí ó ń pè é, kí ẹ sì dí ibi tí ó ń gbà wọlé.